Igbá Àgbọn àti Omi Ajah

Ọ̀rọ̀ èédú ni mo gbé wá fún yín lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa rẹ́rìn-ín pé, kí ni ó kù tí a kò tíì mọ̀ nípa èédú? Èédú inú àdògán, tí ó ń ba aṣọ funfun jẹ́, tí a fi ń yan àgbàdo! Ẹ fara balẹ̀. Èédú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gba ẹ̀mí ọmọ ogun là, ó ti sọ ṣúgà pupa di funfun, ó ń kó wúrà jọ láti inú ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ajah, òun ni ó ń gba òórùn àti àwọ̀ kúrò lára omi tí wọ́n ń lò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun. Bí ènìyàn bá kúrò ní Èkó tí ó kọjú sí ìlà oòrùn, ilẹ̀ tóóró kan ni yóò máa tọ̀ lọ, òkun ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀sà ní ọwọ́ òsì. Orí ilẹ̀ yìí ni Lẹ́kkí wà, ibẹ̀ ni Ajah wà, àti Langbasa, Badore àti Ṣàngótẹ̀dó, títí ènìyàn yóò fi dé Ibeju. Yanrìn ni ilẹ̀ náà. Iṣẹ́ ẹja ni iṣẹ́ àwọn baba ńlá ibẹ̀, igi àgbọn sì ni igi tí ó bá yanrìn wọn mu jù. Àwọn tí ó ka ìtàn yóò rántí pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó lọ tẹ̀ dó sí. Palma àti Lẹ́kkí tí ó wà ní etí òkun ni ó sì di èbúté tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń bá àwọn oníṣòwò òkè òkun pàdé. Ní 1863 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Palma àti Lẹ́kkí kún ilẹ̀ Èkó tí wọ́n ti gbà ní 1861.

Kí ni àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ń wá kiri ní gbogbo etí òkun wa lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti kásẹ̀ nílẹ̀? Epo pupa ni, lẹ́yìn náà ekùrọ́. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Jámánì ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ekùrọ́ ilẹ̀ wa. Àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọ wọn ni ó ń fi òkúta fọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun inú ni a ń tà. Èèpo líle rẹ̀ a di ohun ìdáná fún alágbẹ̀dẹ, èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù, a ó dà á sí ojú ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má baà rì sínú ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ṣe sí àgbọn. A ó mu omi rẹ̀, a ó jẹ ẹran rẹ̀, a ó da igbá rẹ̀ sí ààtàn. Ẹ fi ààtàn yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà wá síbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi. Ní 1910 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní Ìjù fún ìlú Èkó. Àwọn ará Èkó bínú nígbà náà, nítorí pé ìjọba fẹ́ gba owó orí omi náà lọ́wọ́ wọn. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí ó léwájú nínú ìjà yẹn. Omi tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà kò dé Ajah rárá. Ìletò apẹja ni ibẹ̀ jẹ́, kànga tí kò jìn sì tó wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba Alhaji Lateef Jakande, tí ó wà lórí àlééfà láti 1979 dé 1983, la ọ̀nà ńlá láti Lẹ́kkí lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1990 ìjọba ológun wó Maroko, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a lé kúrò níbẹ̀ sì ṣí lọ sí ìhà Ilasan, Ikota àti Ajah. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọlọ́rọ̀ dé, tí wọ́n ń ra ilẹ̀, tí wọ́n ń dí irà. Ilé pọ̀, ènìyàn pọ̀, omi ẹ̀rọ ìjọba kò sì tẹ̀lé wọn bí ó ti yẹ. Títí di òní, kànga ẹ̀rọ tí a ń pè ní borehole ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé níbẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé.

Omi abẹ́ yanrìn yìí ní ìṣòro mẹ́ta, ó sì dára kí a má ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni iyọ̀. Omi òjò tí ó rì sínú yanrìn léfòó lórí omi òkun tí ó ti wà nísàlẹ̀, nítorí pé omi òjò fúyẹ́ jù ú lọ. Bí ènìyàn bá ń fa omi tútù yìí ní àfàjù, omi iyọ̀ a máa gòkè bọ̀. Èkejì ni irin. Irin tí ó ti yọ́ sínú omi kò hàn sí ojú. Ẹ ó pọn omi náà, yóò mọ́ lóló, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i fún ìgbà díẹ̀, yóò di pupa bí ojú irin tí òjò ti pa. Aṣọ funfun tí a bá fi fọ̀ kò ní funfun mọ́. Ẹ̀kẹta ni ti ewé àti gbòǹgbò tí ó jẹrà sínú irà láti ayébáyé. Ìyẹn a máa sọ omi di àwọ̀ tíì, a sì máa fún un ní òórùn, nígbà mìíràn òórùn ẹyin tí ó ti bàjẹ́.

Ẹni tí ó bá ní owó ní Lẹ́kkí tàbí Ajah a ra ẹ̀rọ ìfọmọ́. Àgbá gíga méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ ó rí tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Yanrìn wà nínú ọ̀kan. Nínú èkejì, èédú ni, dúdú, wẹ́wẹ́ bí èlùbọ́ tí a kò kúnná. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní activated carbon. Èmi yóò máa pè é ní èédú àtají, nítorí pé èédú tí ó ti ń sùn ni, tí a fi iná kejì ta jí. Èyí tí ó dára jù fún omi, igbá àgbọn ni a fi ń ṣe é. Láti òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ wa: láti Sri Lanka, India, Philippines àti àwọn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wò ó: ẹni tí ó ń gbé láàárín igi àgbọn ń fi owó ra igbá àgbọn tí a jó ní ilẹ̀ ẹlòmíràn. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé bẹ́ẹ̀?

Ìtàn náà jìn. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti mọ̀, ní nǹkan bí 1550 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, pé èédú ń pa òórùn egbò. Àwọn atukọ̀ ojú òkun náà ti mọ̀ ọ́n: wọ́n a máa fi iná jó inú àgbá igi wọn kí omi má baà tètè rà lójú òkun. Àwọn oníṣègùn tiwa pàápàá ń jó ewé àti egbò di ẹ̀tù. Ṣùgbọ́n mímọ̀ pé nǹkan ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí mímọ̀ bí ó ṣe ń ṣe é. Ní 1785, Lowitz, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn ní St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ṣàkíyèsí pé bí òun bá da èédú sínú omi oògùn tí ó ti pọ́n, omi náà a mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣúgà fi gbọ́. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi èédú ṣe owó ní ọ̀pọ̀ yanturu, èédú igi ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà èédú egungun màlúù. Ṣúgà funfun tí àwọn baba wa rí nínú ṣọ́ọ̀bù Òyìnbó, egungun jíjó wà nínú ìtàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọdé yóò fẹ́ràn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dán an wò o. Ní 1831, ọkùnrin apoògùn kan ní ilẹ̀ Faransé, Touéry, dúró níwájú àwọn àgbà oníṣègùn, ó gbé májèlé strychnine mì, èyí tí ó pọ̀ ju ohun tí ó lè pa ènìyàn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Èédú lúbúlúbú ni ó pò mọ́ ọn. Kò kú. Láti ìgbà náà títí di òní ni àwọn dókítà ti ń fi èédú tọ́jú irú àwọn tí ó bá gbé májèlé kan mì, bí wọ́n bá tètè gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Kì í ṣe gbogbo májèlé ni ó ń mú. Kò wúlò fún kẹrosíìnì, èyí tí ó sì jẹ́ pé òun ni àwọn ọmọ wa ń ṣèèṣì mu jù. Níhìn-ín mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀ láti bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Epo pupa tí a máa ń rọ sí ọmọ lẹ́nu nígbà tí ó bá gbé nǹkan burúkú mì, àwọn dókítà ní kí a jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé epo náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní èédú àdògán. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìgò ohun tí ó mu dání.

Ní 1854, ará Scotland kan, John Stenhouse, fi èédú ṣe ìbòmú fún àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí òórùn ti burú. Ní àárín ọdún 1860 sí 1869 ni Hunter, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Ireland, wọn oríṣiríṣi èédú wò láti mọ èyí tí ó lè gba gáàsì mọ́ra jù. Ó gbìyànjú èédú igi lóríṣiríṣi. Èyí tí ó borí gbogbo wọn ni èédú igbá àgbọn. Ilẹ̀ tí àgbọn kò ti lè hù ni a ti kọ́kọ́ mọ iyì igbá rẹ̀!

Kí ni ó fà á? Ẹ fi ojú inú wo agbo ilé ńlá kan láyé àtijọ́. Bí ẹ bá dúró ní ìta, ògiri kan ṣoṣo ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá wọlé, ẹ ó bá yàrá nínú yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ̀rọ̀ nínú kọ̀rọ̀. Bí a bá ní kí a wọn gbogbo ògiri inú rẹ̀, ọwọ́ yóò kún. Bẹ́ẹ̀ ni èédú rí nínú. Ihò rẹ̀ kéré dé ibi tí ojú kò lè rí i. Ohun tí ó ń bẹ nínú omi tàbí afẹ́fẹ́, yálà àwọ̀ ni tàbí òórùn, a lẹ̀ mọ́ ògiri àwọn ihò wọ̀nyí bí eruku ọyẹ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara. Kì í ṣe pé èédú náà mu ún bí kànìnkànìn ṣe ń mu omi. Ó lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ìdí nìyí tí ògiri púpọ̀ fi ṣe pàtàkì. Nínú gíráàmù kan ṣoṣo èédú àtají, ògiri tí ó wà nínú rẹ̀ tó 500 sí 1,500 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀, bíi gíráàmù 7, lè ní ojú tí ó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù kan.

Èédú àdògán kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà àti èérí tí ó jáde lára igi nígbà tí ó ń jó ti dí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ní nǹkan bí 1900 sí 1901 ni Raphael von Ostrejko gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà méjì tí a lè gbà ṣí àwọn ilẹ̀kùn náà. Ọ̀nà méjèèjì yìí náà ni gbogbo ayé ṣì ń tọ̀ títí di òní, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wọn dáadáa.

Nínú ọ̀nà kìn-ín-ní, a ó kọ́kọ́ sọ igbá àgbọn gbígbẹ di èédú. Mo ní igbá, kì í ṣe èèpo onírun tí ó wà ní ìta. A ó kó o sínú ihò tàbí àgbá irin, a ó tan iná sí i, a ó sì dín afẹ́fẹ́ kù kí ó má baà jó di eérú. Àwọn tí ó ń wa èédú ní Òkè-Ògùn mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní kẹ́mísírì. Nínú igbá tí ó wúwo tó kílò 100, èédú bíi kílò 30 ni yóò jáde. Títí dé ìhín, alásè lè ṣe é. Iṣẹ́ ńlá kù lẹ́yìn. A ó gbé èédú náà sínú ilé iná irin tí ó ń yí, a ó mú un gbóná dé ìwọ̀n 800 sí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí yóò fi pọ́n bí irin inú ilé alágbẹ̀dẹ, a ó wá máa fẹ́ ooru omi sí i. Omi tí ó ń hó nínú ìkòkò yín kì í ju ìwọ̀n 100 lọ. Ẹ fi èyí wé e. Ní ibi gbígbóná bẹ́ẹ̀, ooru omi a máa jẹ èédú, a sọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ di gáàsì tí ó ń fò lọ. Ó ń jẹ ẹ́ láti inú bí ikán ṣe ń jẹ òpó: ìta ṣì dúró, inú ti di ihò. Bí a bá dá a dúró lásìkò, a ní èédú àtají. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀, eérú ni a óò bá. Ìdajì èédú náà lè bá iṣẹ́ yìí lọ, ìyẹn ni ó fi wọ́n.

Nínú ọ̀nà kejì, a kì í dúró kí ó di èédú kí a tó bẹ̀rẹ̀. A ó rẹ ohun ọ̀gbìn náà, ó lè jẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi tàbí èèpo kòkó, sínú ohun líle bíi phosphoric acid tàbí zinc chloride, a ó wá yan án ní ooru tí kò tó ti ìṣáájú, bíi 400 sí 600. Lẹ́yìn náà a ó fọ ohun líle náà kúrò pátápátá. Kanun tí ó wà nínú eérú wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń lò fún irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń ṣe ọṣẹ dúdú, ẹ mọ̀ pé eérú èèpo kòkó ni a ń sẹ́ fún un. Kanun kan náà nìyẹn. N kò sọ pé alásè ọṣẹ ń ṣe èédú àtají o. Mo ń sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àgbàlá wa.

Ní 1909 ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí tà á, fún ṣúgà ni ó sì pọ̀ jù. Ohun tí ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń wá ni ogun. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915, nítòsí ìlú Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣí gáàsì klórínì sílẹ̀ kí atẹ́gùn gbé e lọ bá àwọn ọ̀tá wọn. Àwọn tí ó wà ní iwájú níbẹ̀ ni ọmọ ogun Faransé, àwọn ará ilẹ̀ Áfíríkà láti Algeria sì wà lára wọn. Wọ́n rí ìkúùkù aláwọ̀ ewé tí ó ń rá bọ̀ lórí ilẹ̀, wọn kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró wọn ni ó bàjẹ́.

Aṣọ tí a rẹ sínú oògùn ni a kọ́kọ́ fi ń bo imú. Ṣùgbọ́n oògùn kan ń mú gáàsì kan ni, àwọn ọ̀tá sì ń yí gáàsì padà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Zelinsky, olùkọ́ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi èédú àtají sí inú ìbòmú. Èédú kì í béèrè orúkọ gáàsì kí ó tó gbá a mú. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun náà, èédú kò tó. Ní 1918 wọ́n ké sí gbogbo ìlú pé kí wọ́n kó kóró èso peach àti èèpo èso líle jọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kó o láti ilé dé ilé. A gbé àgbá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ènìyàn máa jù ú sí i. Ohun tí wọ́n kọ sára ìwé ìkéde ni pé 200 kóró peach, tàbí èèpo tí ó wúwo tó pọ́ùn 7, yóò ṣe èédú tí ó tó ìbòmú kan. Gbogbo akitiyan yìí, nítorí pé igbá àgbọn tí wọ́n rí kò tó ni. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé Ajah, ohun tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ gbá kiri, ọmọ ẹgbẹ́ yín ní Amẹ́ríkà ì bá tọ́jú rẹ̀ bí owó.

Lẹ́yìn ogun, èédú àtají wọ iṣẹ́ omi. Láti nǹkan bí 1930 ni àwọn ìlú ní Amẹ́ríkà ti ń dà á sínú omi ẹ̀rọ láti pa adùn burúkú àti òórùn. Lẹ́yìn èyí ni ó wọ iṣẹ́ wúrà. Ní 1973, ibi ìwakùsà Homestake ní South Dakota bẹ̀rẹ̀ sí fi èédú kó wúrà jọ: májèlé cyanide a yọ́ wúrà kúrò lára òkúta lílọ̀, wúrà a lẹ̀ mọ́ èédú, a sì gbọ̀n ọ́n yọ. Ọ̀nà yìí ti dé ilé wa. Ní Segilola, ẹ̀bá Ìpèríndó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí a ti rí wúrà àkọ́yọ́ ní oṣù Keje ọdún 2021, èédú wà nínú iṣẹ́ wọn. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èédú igbá àgbọn ni a ń fẹ́, nítorí pé ó le, kì í tètè rún nínú ẹrẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ajah. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó ra àgbá èédú mọ ohun tí ó rà, nítorí pé àwọn oníṣòwò kan ń ṣèlérí ju ohun tí èédú lè ṣe lọ. Èédú àtají ń gba òórùn, àwọ̀ ewé jíjẹrà, àti klórínì. Kì í gba iyọ̀, bó ti wù kí ó pọ̀ tó. Ẹ̀rọ mìíràn ni ó wà fún ìyẹn. Kò dára fún irin. Afẹ́fẹ́ ni a ó kọ́kọ́ fẹ́ sí omi náà kí irin lè dì, kí yanrìn sì gbà á kí omi tó dé ọ̀dọ̀ èédú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin yóò dí àwọn ihò rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kì í pa kòkòrò àìsàn. Omi tí ó mọ́ lóló lẹ́yìn tí ó kọjá nínú èédú ṣì lè gbé ìgbẹ́ gbuuru wọ ilé, pàápàá níbi tí ṣalángá àti kànga bá fara kan ara wọn nínú yanrìn. Ẹ ṣì gbọdọ̀ sè é, tàbí kí ẹ fi oògùn sí i.

Ohun mìíràn ni pé yàrá inú agbo ilé a máa kún. Nígbà tí gbogbo ògiri bá ti ní ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, èédú náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, kòkòrò sì lè sọ ọ́ di ilé. Bí òórùn bá padà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mo mọ àwọn ilé kan tí wọn kò ṣí àgbá náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Àgbá lásán ni wọ́n ní.

Kí ló dé tí a kò ṣe é níhìn-ín? Kì í ṣe àìmọ̀. Àwọn olùkọ́ ní LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní àwọn yunifásítì wa mìíràn ti fi igbá àgbọn, èèpo ekùrọ́, èèpo kòkó àti ṣùkù àgbàdo ṣe èédú àtají, wọ́n ti fi í gba aró kúrò nínú omi, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn kan tilẹ̀ fi ewé omi tí ó ń dí ọ̀sà wa ṣe é, èyí tí a kọ́kọ́ rí ní ìhà Àgbádárìgì ní 1984. Ní tèmi, n kò rò pé ewé omi yóò ṣe é tà: omi ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, owó tí a ó fi gbẹ ẹ́ yóò pọ̀ ju èrè lọ, eérú rẹ̀ sì pọ̀. Igbá àgbọn àti èèpo ekùrọ́ yàtọ̀. Wọ́n ti gbẹ, wọ́n le, eérú wọn kò tó nǹkan, a kò sì ní gé igi kankan nítorí wọn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ilé iná tí yóò dúró ní ìwọ̀n 900 tọ̀sán tòru láìsí pé iná mànàmáná ń lọ ń bọ̀. Ìṣòro kejì ni ti ìkójọ. Ní Sri Lanka, níbi tí ilé iṣẹ́ Haycarb ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa ra igbá lọ́wọ́ alágbọn láti abúlé dé abúlé. Nílé wa, àgbọn pọ̀ jù ní Àgbádárìgì, ó wà ní Lẹ́kkí, ó wà ní Ibeju, ṣùgbọ́n igbá rẹ̀ tú ká, kò sí ẹni tí ó ń dá owó lé e. Bẹ́ẹ̀ sì ni igi náà ń dín kù ní ìhà Lẹ́kkí. Ilé ń gba ilẹ̀, èbúté ńlá àti ilé ìfọpo tí a ṣí níbẹ̀ ní 2023 gba tiwọn, òkun náà sì ń jẹ etí ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, èédú ìpele kìn-ín-ní ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀: kí a sọ igbá di èédú dáadáa, kí a tà á fún ẹni tí ó ní ilé iná. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ará abúlé ní ilẹ̀ Éṣíà ń gbà jẹun nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fẹ́ fi èyí han kíláàsì yín, ẹ wá ìgò mẹ́ta tí ó mọ́, kí ẹ bu omi tí ẹ ti kán aró díẹ̀ sí sínú gbogbo wọn. Ẹ má fi nǹkan kan sí ti àkọ́kọ́. Ẹ fi ṣíbí méjì èédú àdògán tí a gún sínú èkejì, kí ẹ fi ṣíbí méjì èédú àtají sínú ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ omi lè fún yín ní ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹ pò wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi aṣọ sẹ́ wọn, kí ẹ sì gbé wọn sí ojú fèrèsé. Kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n bá rí sínú ìwé wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe mu nínú omi náà.